Ẹ̀kọ́ 14: Funfun méjì, èwo ni ká fi kun yàrá?

Ẹ fẹ́ kun yàrá yín ní ọ̀dà. Ní ìsọ̀, ọlọ́jà fi funfun méjì hàn yín. Ọ̀kan funfun bí ẹfun. Èkejì funfun bí òrí. Nínú agolo, wọ́n jọra. Lára ògiri, ìyàtọ̀ wọn á hàn. Bí ẹ bá sì ti ṣí agolo ńlá, ọlọ́jà kò ní gbà á padà. Ẹ dán an wò kí ẹ tó náwó púpọ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe:

1. Ẹ ra agolo kékeré kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Ẹ fi méjèèjì kun ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan lára ògiri tó kọjú sí fèrèsé. Ẹ ṣe bákan náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé dáadáa. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

3. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Àwọ̀ ọ̀dà tútù yàtọ̀ sí ti èyí tó gbẹ.

4. Ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ pẹ̀lú fìtílà.

Kí nìdí? Ìmọ́lẹ̀ ló ń yí àwọ̀ ògiri padà. Bí ilẹ̀ pupa bá wà níwájú fèrèsé, oòrùn á gbé pupa rẹ̀ wọlé. Bí igi máńgòrò bá ṣíji bò ó, funfun á fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Iná fìtílà pọ́n. Lálẹ́, ti ẹfun á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti òrí.

Bí yàrá bá ní fèrèsé kan ṣoṣo, tó sì ṣókùnkùn, ẹ mú ti ẹfun. Ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ju èkejì lọ. Ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀ á ríran dáadáa. Bí oòrùn bá ń wọlé gan-an, ti ẹfun lè máa ta yín lójú. Ti òrí ló tuni lára. Eruku ọyẹ́ kì í sì í tètè hàn lára rẹ̀.

Níbi tí ọwọ́ ọmọdé ń kàn, láti ilẹ̀ dé ìbàdí, ẹ fi ọ̀dà tó dúdú díẹ̀ kùn ún.

Àwọn àgbà ní: bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a kì í yan ọ̀dà nínú agolo?

2. Fèrèsé mélòó ni yàrá yín ní? Kí ló wà níwájú wọn?

3. Funfun wo ni ẹ óò yàn? Ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan.