Ilé tí ó di Ahoro ní Àárín Àdúgbò

Àwọn baba wa máa ń pa á lówe pé, "Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́, baálé ilé kú, ilé di ahoro." Òtítọ́ ni òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá rìn yíká àdúgbò bíi Ojú Ore ní ìlú Ọ̀tà, a ó rí i pé kì í ṣe ikú baálé nìkan ni ó ń sọ ilé di ahoro. Ilé mìíràn wà tí àwọn tí ó ni ín pọ̀, síbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ojú Ore wà ní ọ̀nà tí ó lọ sí Ìdí-Ìrókò, kò sì jìnnà sí Ṣàngó, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta gbà kọjá. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni Ọ̀tà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ilé-iṣẹ́ ńláńlá dé sí agbègbè náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ wá láti ibi gbogbo, ilẹ̀ sì di ohun iyebíye. Níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó ya ni lẹ́nu pé a ṣì ń rí ilẹ̀ òfìfo tí igbó bò, ilé tí a kọ́ dé ìdajì, àti àlàpà láàárín ilé àwọn ènìyàn.

Kí ni ó fà á? Ìdí kìn-ín-ní ni ogún. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó bí ọmọ mẹ́wàá, tí ó sì kú láìṣe ìwé ìpíngún. Ọmọ kan ní kí a ta ilé. Èkejì ní kí a kó ayálégbé sí i. Ẹ̀kẹta, tí ó wà ní òkè òkun, kò fèsì. Wọ́n gbé ọ̀ràn náà dé ilé-ẹjọ́, ọdún sì ń gorí ọdún. Òjò kò dúró de ìdájọ́: ó ń rọ̀ sára ògiri, páànù ń dípẹtà, òrùlé sì jìn. Ìdí kejì ni ìjà ilẹ̀. Ẹbí kan ta ilẹ̀, ẹbí kejì yọjú pé àwọn ni wọ́n ni ín. Nítorí irú èyí ni a ṣe ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé, "Ilé yìí kì í ṣe títà." Ẹlòmíràn, ẹ̀wẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ilé, owó sì tán lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kan òrùlé.

Ewu ilé bẹ́ẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ibi tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ da ìdọ̀tí sí lóru kì í pẹ́ di ààtàn gbogbo àdúgbò. Omi òjò a dúró sínú kòtò ìpìlẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹyin tí ẹ̀fọn yé síbẹ̀ lè di ẹ̀fọn tí ń fò. Ejò àti eku a fi igbó ṣe ilé. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn ọmọdé a máa wọ ibẹ̀ lọ ṣeré, ògiri tí omi ti mu kì í sì í kìlọ̀ kí ó tó wó.

Àwọn kan yóò wí pé kí ìjọba wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n lára Èkó, aládùúgbò Ọ̀tà. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1924, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe. Ní ọdún 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé tí ó há pọ̀ mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí Sùúrùlérè. Àyè fẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́; ṣùgbọ́n oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà rẹ̀, arúgbó jìnnà sí ẹbí rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì padà sí ilé baba wọn mọ́. Ẹ̀wẹ̀, dídákẹ́ náà kò dára. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fájì ní Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó kú.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé àti baálẹ̀ wádìí ẹni tí ó ni ilé ahoro kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pe ẹbí náà jọ, kí wọ́n sì bá wọn pẹ̀tù sí aáwọ̀. Bí ẹjọ́ kò bá tí ì parí, kí ẹbí fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan péré: ta ni yóò máa ṣán igbó, ta ni yóò sì ṣe ọgbà yí i ká? Bí wọ́n bá gbà, aládùúgbò lè gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ òfìfo, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, kí oko má baà di ìjà. Ní ti ààtàn, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi kíkó ìdọ̀tí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ti Adó-Odò àti Ọ̀tà ni a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989. Bí ògiri bá sì ti là, kí a tètè fi tó ìjọba létí, kí ó tó pa ènìyàn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kò ì tíì ní ilé tí ẹ ó tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ní ojú àti ẹnu. Ẹ má ṣe ṣeré nínú ilé ahoro. Bí ẹ bá rí ògiri tí ó ń fì, ẹ sọ fún àgbà. Baálé ilé lè kú. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó kù bá lè jókòó pọ̀ sọ òtítọ́ fún ara wọn, ilé kò ní di ahoro.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí: "Òjò kò dúró de ìdájọ́"?
2. Ẹ̀kọ́ méjì wo ni òǹkọ̀wé fà yọ láti inú ìtàn Èkó?
3. Kọ àròkọ lórí ilẹ̀ òfìfo kan ní àdúgbò rẹ àti ohun tí a lè fi í ṣe.