Ẹ Má Fi Orín Òwúrọ̀ Pa Igi Àtà Run

Ẹ̀yin ará Festac àti Amuwo-Odofin tí ẹ kì í jáde nílé láìrun orín, ẹ fetí sílẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọjà Agboju, ẹ wo orín àtà lórí àtẹ ẹlẹ́wé ọmọ: ìdì-ìdì ni wọ́n so ó, wọ́n sì wọ́n omi sí i kó má baà gbẹ. Ẹ fi ọ̀kan sẹ́nu. Yóò kọ́kọ́ korò, yóò ta ahọ́n, ètè yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹ wá wo ara rẹ̀. Ẹ̀gún ni ti ẹ̀ka àtà. Bí eléyìí kò bá lójú ẹ̀gún kankan, gbòǹgbò ni. Ẹni tó wá a kò gé igi, ó hú u ni.

Ìbátan ọsàn ni àtà, ewé rẹ̀ sì ń ta sánsán bí a bá fún un. Igbó gbígbẹ àti ọ̀dàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Bí a gé ẹ̀ka rẹ̀, yóò tún rú. Bí a hú olórí gbòǹgbò rẹ̀, ó parí. Ní Benin, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn igi tí ewu ń dojú kọ.

Kì í ṣe ẹnu nìkan ló ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs-Sodeye ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi hàn pé omi gbòǹgbò àtà lè dá ẹ̀jẹ̀ SS, ìyẹn ti foníkú-fọ̀ladìde, tó ti tẹ̀ padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní Burkina Faso, wọ́n ń pò ó mọ́ bomubomu láti fi ṣe oògùn àìsàn yìí tí wọ́n ń pè ní FACA. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò kì í ṣe ìwòsàn: ẹ má torí àgbo àtà pa oògùn ọmọ tó ní foníkú-fọ̀ladìde tì, ẹ má sì fi pamọ́ fún dókítà.

Ohun tí a lè ṣe nìyí:

1. Ẹ béèrè orín ẹ̀ka, èyí tó lójú ẹ̀gún.
2. Ẹ run ọ̀kan tán kí ẹ tó ra òmíràn.
3. Ẹni tó bá nílẹ̀ nílé baba rẹ̀, kó gbin bíi mélòó kan: akọ yàtọ̀ sí abo, abo nìkan ló ń so.
4. Ẹni tí kò lè ṣe kó má wa gbòǹgbò, kó mú ti ẹ̀gbẹ́ kan, kó fi olórí sílẹ̀, kó sì bo ilẹ̀ padà.

Bí oníbàárà mẹ́wàá bá béèrè ẹ̀ka láàárọ̀ kan ní Agboju, ẹni tó gbé ọkọ́ lóko yóò gbọ́.