Ebi Kì í Wọnú: Ọ̀rọ̀ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Tí Ń Fi Iṣẹ́ Wọn Sílẹ̀

Àwọn baba wa tí wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́ kò yọ ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ó ti wù kí ìmọ̀ ènìyàn jinlẹ̀ tó, bí ó tilẹ̀ mọ ohun tí ń pa kòkó lóko àti ohun tí ń pa ọmọ ọwọ́ nílé, ilé ni yóò padà sí ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí onílé ti ń béèrè owó ilé, tí àwọn ọmọ sì ti ń béèrè owó ilé-ìwé. Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ńlá ń sọ pé ojúkòkòrò ni ó ń lé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wa lọ sí òkè òkun, inú mi a máa bàjẹ́, nítorí ẹni tí ó mọ ohun tí ojú wọn ti rí kò ní í dá wọn lẹ́bi bẹ́ẹ̀.

Ní 2009 ni ìjọba àpapọ̀ àti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fẹnu kò lórí owó oṣù, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí naira 150. Nígbà tí yóò fi di 2022, tí dọ́là kan ti ju naira 400 lọ ní báǹkì, owó oṣù ìgbà àdéhùn yẹn náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó padà, oṣù mẹ́jọ gbáko tí ìjọba fi dá owó oṣù wọn dúró.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, owó oṣù nìkan kọ́ sì ni ó ń lé wọn. Olùwádìí tí ó kó ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pamọ́ sínú fíríìsà, tí iná kú, tí kò sí owó epo jẹnẹrétọ̀, ń fi ojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí yóò bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bá rò pé adùn ìlú òyìnbó lásán ni wọ́n ń wá, kí ó wo Ìbàdàn: Ìdí-Ayùnrẹ́ ni ilé ìwádìí kòkó ti ìjọba, CRIN, wà láti 1964, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ti àgbáyé, wà láti 1967, tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú owó tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ń dá sí i. Òjò kan náà ni ó ń pa àwọn méjèèjì, síbẹ̀ onímọ̀ lè kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba bọ́ sí èkejì láì wọ ọkọ̀ òfurufú rárá, kìkì nítorí pé ó ti rí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti lè ṣeé ṣe.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ kí onímọ̀ wọn máa lọ sí ìlú mìíràn. Ní 1963 ni Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ké gbàjarè ní Lọ́ńdọ̀nù pé Amẹ́ríkà ń kó àwọn onímọ̀ wọn lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti Kòríà Gúúsù, tí ó ṣì jẹ́ tálákà ní 1966, nígbà tí Ààrẹ Park Chung-hee dá ilé ìwádìí KIST sílẹ̀ tí wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní àjò. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìlú nìkan pè wọ́n: wọ́n pèsè ilé, wọ́n fún wọn láyè láti ṣe ìwádìí láìsí ìdílọ́wọ́, wọ́n sì san owó tí kò tó ti Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tí ó ju ti ọ̀jọ̀gbọ́n ilé lọ. Àwọn ọmọ náà padà wálé. Ẹ̀yin aláṣẹ wa, ẹ kò ní láti bá dọ́là díje. Ẹ jẹ́ kí owó oṣù tó jẹun, kí iná má kú ní yàrá ìwádìí.

Àwọn àgbà inú yunifásítì náà ní ẹ̀bi tiwọn. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣáájú lórí iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, tí ó sì ń dá owó ìwádìí ná, kí ó má ṣe bínú bí kò bá rí ẹni gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ ọmọ mi tí o ti pinnu láti lọ, èmi kò ní í dá ọ dúró. Kí o tó lọ, kọ́ ẹnìkan ní ohun tí o mọ̀, kí o sì kọ ibi tí iṣẹ́ rẹ dé sílẹ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé owó TETFund, àjọ ìjọba tí ń ná owó lórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tàbí ti yunifásítì ni o fi ń lọ kàwé, ka ìwé àdéhùn tí o fọwọ́ sí dáadáa, pàápàá ibi tí orúkọ àwọn onídùúró rẹ wà. Bí o bá rí i pé o kò ní í padà mọ́, tí owó náà sì di gbèsè sí ọ lọ́rùn, má ṣe sá mọ́ àwọn tí ó fún ọ lówó lọ́wọ́: kọ̀wé sí wọn, bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pín gbèsè náà sí oṣooṣù fún ọ, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án kí ìwé ẹ̀sùn tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tí ó dúró fún ọ, ẹni tí owó oṣù tirẹ̀ náà kò tó o jẹ.