Àkísà Àgbà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Àtijọ́ Ń Wù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá gba títì Ìkòròdú láti Ọ̀jọ́ta, tó fi Kétu sẹ́yìn, tó ré Mile 12 kọjá níbi tí tòmátò, ata àti àlùbọ́sà Òkè Ọya ti ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ títí ó fi dé Owódé Onírin, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkísà yìí kò mọ sórí aṣọ. Ọjà àkísà ọkọ̀ ni Owódé Onírin, níbi tí wọ́n ti to orí ọkọ̀ akẹ́rù jọ, tí ẹ́ńjìnì tó ti na ọ̀nà Kánò sí Èkó láìmọye ìgbà ń dúró de oníbàárà mìíràn, tí àwọn ọmọ Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, tí epo dúdú ti pa láró, sì ń fi òòlù àti iná tú irin kúrò lára irin. Nírú ibẹ̀, bí ọ̀rọ̀ mọ́tò bá bọ́ sẹ́nu àwọn tí ewú ti gba orí wọn, kì í pẹ́ kó tó kan ọkọ̀ Amẹ́ríkà ìgbà òmìnira, àwọn Chevrolet, Pontiac, Oldsmobile àti Cadillac tí gígùn wọn gba ojú ọ̀nà, tí irin dídán ara wọn ń bá oòrùn jà. Àgbà á mi orí, á ní irin ń bẹ láyé nígbà náà, páànù lásán ni tòde òní.

Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹwà wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ̀dọ́ tí ìtàn yìí ti wọ̀ lára, tó sì ti ń tọ́jú owó láti ra irú rẹ̀, tàbí láti jí èyí tó ti kú sí àgbàlá bàbá rẹ̀ dìde, ni pé kó kọ́kọ́ mọ ohun tí òun ń ṣàárò rẹ̀ gan-an, nítorí ọ̀tọ̀ ni àárò ẹwà, ọ̀tọ̀ ni àárò ọkọ̀, ẹni tó bá sì da méjèèjì pọ̀ yóò ná owó tí kò yẹ kó ná, yóò sì jẹ àgbọ̀nrín èṣí lọ́bẹ̀ títí ọbẹ̀ yóò fi kan.

Ẹwà yẹn kò ṣàdédé wá. Ní ọdún 1927 ni General Motors, ilé iṣẹ́ tó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ lókè, gba Harley Earl síṣẹ́ láti máa ya ìrísí ọkọ̀ wọn. Nígbà ogun Hítílà, ọkùnrin yìí rí ọkọ̀ òfurufú ogun kan tí wọ́n ń pè ní P-38, tí ìrù rẹ̀ pín sí méjì, ó wú u lórí, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé àwòrán ìrù náà wá sẹ́yìn Cadillac ọdún 1948. Kékeré ni nígbà yẹn, ó kàn yọ díẹ̀ lókè iná ẹ̀yìn bíi lẹbẹ ẹja ni. Ṣùgbọ́n ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, Chrysler tó jẹ́ orogún wọn gbé tirẹ̀ dé, gbogbo wọn ń fà á ga sí i lọ́dọọdún, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1959, lẹbẹ Cadillac ti ga, ó ti mú ṣóńṣó, débi pé ẹni tó bá dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní láti rántí pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọkọ̀ náà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ, ẹ́ńjìnì V8 inú rẹ̀ sì ju lítà 6 lọ. Ẹni tó bá mọ àwọn àdúgbò Ìkòsì, nítòsí Kétu, lọ́jọ́ ọjà, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá pàápàá ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, kó bá mi wí: ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e yí?

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn aláàárò kì í fẹ́ gbọ́. Earl kò fi í pamọ́ rárá pé iṣẹ́ òun ni láti mú kí ọkọ̀ èṣí tètè sú ẹni tó ni ín, kó lè wá ra tọdún yìí. Lẹbẹ tí ẹ̀ ń sunkún rẹ̀ lónìí, àwọn tó gbé e jáde gan-an kò fẹ́ kó pẹ́ lójú yín ju ọdún kan sí méjì lọ.

Ní Èkó wa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ẹwà Amẹ́ríkà yìí kò tilẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa ní mọ́tò wíwà, ọwọ́ òsì la sì ń gbà lójú títì títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí ìjọba ológun yí wa sí ọwọ́ ọ̀tún. Sitíárìn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà Amẹ́ríkà sì wà lápá òsì, tó fi jẹ́ pé awakọ̀ tó bá fẹ́ ya lọ́ọ̀rì sílẹ̀ ní láti yọ ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ síta kó tó lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Nítorí náà àwọn olówó díẹ̀ ló gbà á bẹ́ẹ̀. Austin, Morris àti Hillman ló kún ìgboro. Ibi tí ọ̀pọ̀ bàbá wa ti fojú kan lẹbẹ ni ara Vauxhall Cresta tó jáde ní 1957, tí gíláàsì iwájú rẹ̀ ká dé ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti Chevrolet. Lára Opel Rekord náà. Lára Mercedes tó jáde ní 1959, èyí tí àwọn ará Jámánì, tí wọn kì í fẹ́ kí wọ́n sọ pé àwọn ń ṣe fújà, ṣàlàyé pé lẹbẹ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o, àmì ni fún awakọ̀ tó bá ń fẹ̀yìn rìn. Àti lára Peugeot 404 ti ọdún 1960, tí ilé Pininfarina ní Ítálì yà, tó sì ń kó èrò láti ìlú dé ìlú lọ́dọ̀ wa kí 504 tó gba ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bedford ni púpọ̀ nínú bọ́lẹ̀kájà ayé ọjọ́un, Vauxhall ló ń ṣe Bedford, General Motors ló sì ti ni Vauxhall láti ọdún 1925: ìyá àgbà tó rò pé òun kò wọ ọkọ̀ Amẹ́ríkà rí ti wọ̀ ọ́ láìmọ̀, lórí ìjókòó pákó, láàárín ewúrẹ́ àti àpò gàrí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ irin tí wọ́n ní ó wà láyé nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Yorùbá ní ìwà lẹwà, ìwà ọkọ̀ kì í sì í hàn lọ́jọ́ tí a bá fọ̀ ọ́ tó ń dán, àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2009, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò ojú pópó fún àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ní Amẹ́ríkà mú Chevrolet Bel Air ọdún 1959 kan, wọ́n mú Chevrolet Malibu ọdún 2009 kan, wọ́n gbé ọmọláńgidi sí ìdí sitíárìn méjèèjì, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n forí gbárí. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa gbọ́ yóò máa retí pé irin yóò fọ́ páànù túútúú. Òdì ọ̀rọ̀ náà ló ṣẹ. Iwájú Bel Air wó wọlé tọ awakọ̀ lọ, sitíárìn sún bá ọmọláńgidi tí kò ní bẹ́líìtì kankan lára. Ká ní ènìyàn ni, ì bá ti kú. Ti inú Malibu, ẹsẹ̀ nìkan ni ì bá fi ṣèṣe díẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iwájú ọkọ̀ òde òní kó lè rún, kí agbára ìkọlù tán síbẹ̀, kí àyè tí ènìyàn jókòó sí má baà wó. Irin àtijọ́ kò mọ ọgbọ́n yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ọdún 1965 ni agbẹjọ́rò kan, Ralph Nader, kọ ìwé tó tú àṣírí irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Amẹ́ríkà sì ṣòfin ààbò ọkọ̀. Wọ́n ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún. Àmọ́ ajá ṣì ní ẹsẹ̀ tó lè fi sá, ẹni tí wọ́n há mọ́ ìdí sitíárìn kò ní.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀kan rà, kí ẹ tó ronú kan ọ̀dà, ẹ fi bẹ́líìtì sí i, ẹ sì tú bíréèkì rẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ṣáájú ọdún 1967, ojú kan ṣoṣo ni epo bíréèkì ti ń pín sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó bá sì jò níbì kan, gbogbo rẹ̀ ló tán. Mẹkáníìkì tó gbọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó pín sí ọ̀nà méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ti ba ojúlówó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ epo kò gba àlàyé púpọ̀. Nígbà tí àwọn Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, tí iye owó epo rọ̀bì sì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin kó tó di oṣù mélòó kan, ọkọ̀ gígùn di ẹrù lọ́rùn àwọn tó ṣe é, nígbà tí owó epo kan náà ń wọlé wá bá wa, tí a fi dá ilé iṣẹ́ Peugeot sílẹ̀ ní Kàdúná àti ti Volkswagen lọ́nà Àgbádárìgì ní ọdún 1975. Àyídáyidà ayé rèé: ohun tó pa Cadillac gígùn ló gbé ilé iṣẹ́ Peugeot dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa náà sì ti rí tiwa láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo. Ọkọ̀ tó ń jẹ gálọ́ọ̀nù kan láàárín nǹkan bíi máìlì 10 sí 13 yóò gbé nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù kan mì kó tó ti Mile 12 dé Ìsàlẹ̀ Èkó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò tíì sí níbẹ̀ o. Ọkọ̀ ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìgbéyàwó ni, kì í ṣe ti iṣẹ́ òòjọ́.

Bí ẹ bá ń wá àwọn tó ń bá irú ọkọ̀ yìí gbé pẹ̀lú ọgbọ́n, ẹ wo Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ wa tí wọ́n ń pè ní Lukumí ṣì ń bọ Ògún, tí Chevrolet àádọ́rin ọdún sì ń kó èrò ní Havana. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹwà ló so wọ́n pọ̀. Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ wọn lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959, òfin ilẹ̀ wọn náà kò sì jẹ́ kí aráàlú fi òmìnira ta ọkọ̀ fún ara wọn, àyàfi èyí tó ti wà kí ìjọba náà tó dé, títí di ọdún 2011. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ẹ́ńjìnì dísù ilẹ̀ mìíràn sínú rẹ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ rọ ohun tí wọn kò rí rà, tí ara ọkọ̀ fi jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí inú rẹ̀ jẹ́ ti Rọ́ṣíà. Àwọn kan ní òkèèrè máa ń yínmú sí i pé kì í ṣe ojúlówó mọ́. Lójú tèmi, àwọn ni wọ́n ni ọkọ̀ náà jù, nítorí ọwọ́ wọn ti dé gbogbo ibi tí ọwọ́ Harley Earl kò dé.

Ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣàárò, ó sì ṣì wà ní Kòsọ́fẹ́, níbi tí Owódé Onírin wà, bí a bá tètè lò ó. Ẹ wo Mack, ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà tó ti darúgbó sójú títì wa tí wọ́n ṣì ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ kó jọ. Ère ajá kan ló wà ní iwájú orí rẹ̀, èyí tí ẹnjiníà àgbà wọn, Alfred Masury, fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ nígbà tó wà nílé ìwòsàn ní ọdún 1932; Ògún tó ń jẹ ajá, wọ́n sin ajá fún un láti òkè òkun láìmọ̀, ó sì gbà á. Àwọn tó ń mú ajá yẹn rìn títí di òní ni pánẹ́ẹ̀lì-bítà, oníwẹ́dà àti mẹkáníìkì tí kò sí ìwé kankan níwájú wọn, àwọn tí ọmọ iṣẹ́ wọn ń dín kù nítorí pé ọ̀dọ́ rò pé iṣẹ́ ìdọ̀tí ni.

Ẹni tí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ bá wà lórí búlọ́ọ̀kù nílé, kó kọ́kọ́ wá ìwé rẹ̀ kó tó wá owó, nítorí ọkọ̀ tí kò níwèé, ẹjọ́ ló máa rà síwájú. Kó fa epo àtijọ́ kúrò nínú táńkì, kó yọ bátìrì, kó sì gbé gbogbo kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ sókè, torí abẹ́ ibẹ̀ ni òjò Èkó ti ń jẹ irin láìsí ẹni tó mọ̀. Bó bá jẹ́ pé rírà ló fẹ́ rà á, kó mú mágínẹ́ẹ̀tì dání, kó máa fi kan ara ọkọ̀ náà káàkiri: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́dì fílà ni wọ́n fi bo ihò ibẹ̀, ohun tó sì wù kí ẹnu olùtajà dùn tó, kí owó wálẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara tuntun fún Chevrolet ọdún 1955 sí 1957, ṣùgbọ́n kí ẹ ro owó ọkọ̀ ojú omi àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí ẹ tó dáwọ́ lé e.

Bí agbára kò bá sì ká a, ẹ tètè tà á fún ẹni tó máa tún un ṣe, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń pariwo kọndẹ́ẹ̀mù kiri àdúgbò má baà fi owó irin lásán gbà á lọ́wọ́ ìyá arúgbó tó wà nílé, nítorí láti ọwọ́ wọn ló ti ń gba Mile 12 kọjá lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin lọ́nà Ìkòròdú, ọ̀pá irin ilé kíkọ́ ló sì máa bá padà. Èyí tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ láti tún ṣe, ẹ fa ọmọ yín kan lé ọ̀gá pánẹ́ẹ̀lì-bítà lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lórí rẹ̀, kó máa di tọ́ọ̀ṣì mú, kó máa béèrè ìdí tí òòlù fi ń bọ́ síbi tó ń bọ́ sí, kó sì mọ̀ pé òun ló máa ra oúnjẹ ọ̀sán ọ̀gá.