Kí ni kí n bi lọ́yà kí n tó gbé iṣẹ́ fún un?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìgándò, ní Èkó. Lọ́yà kan ní kò sí irú ẹjọ́ tí òun kì í ṣe: ilẹ̀, ogún, owó ilé, béèlì. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ìdáhùn: Kò burú kí lọ́yà mọ oríṣiríṣi iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ọdún tó di agbẹjọ́rò. Lẹ́yìn yunifásítì, ó ní láti lọ sí Nigerian Law School, kí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ẹ wo òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, NBA, lára ìwé tó bá kọ. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

 

Ní ti ilẹ̀, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ nìyí. Lọ́yà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè ìwé sọ́fè. Á gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ẹ má sanwó fún ọmọ onílẹ̀ kí èsì tó dé. Bó bá sì jẹ́ pé lọ́yà yín náà ni lọ́yà ẹni tó ń ta ilẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.