Láìmù, Òórùn Ìgbẹ́ àti Ojúṣe Wa sí Aládùúgbò



Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní Warri níbí, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ léraléra, tánkì ìgbẹ́ àti ṣálángá a kún, onílé a sì wá ọkọ̀ tí yóò fà á. Ìbéèrè tí a kì í sábà bi awakọ̀ ni pé: níbo lo ń dà á sí?

Ní ibi tí a ti ń tọ́jú ìgbẹ́ bó ṣe yẹ, láìmù jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń ká òórùn rẹ̀ lọ́wọ́ kò. Kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ là ń wí. Ìyẹ̀fun funfun ni, tí a rí láti ara òkúta tí a fi iná sun, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ìgbẹ́ níbi tí atẹ́gùn kò dé ni wọ́n ń mú òórùn bí ẹyin jíjẹrà jáde. Láìmù kì í jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1993 béèrè pé kí ìwọ̀n pH ìgbẹ́ náà ṣì wà ní 12 lẹ́yìn wákàtí 2. Pípò ni a ń pò ó pọ̀ dáadáa. Wíwọ́n ọn sójú lásán kò tó. Òórùn mìíràn tí ń ta imú lè kọ́kọ́ jáde. Bí agbára láìmù bá sì rẹlẹ̀, òórùn àkọ́kọ́ lè padà.

Nítorí náà:

1. Ẹ má ṣe da láìmù sínú tánkì tí ẹ ṣì ń lò. Yóò pa àwọn kòkòrò tí ń jẹ ìgbẹ́ inú rẹ̀, tánkì yóò sì tètè kún.

2. Láìmù ń jó ara àti ojú. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, tí ó wọ ìbọ̀wọ́, tí ó sì bo ojú àti imú, ni kí ó lò ó.

3. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi awakọ̀ bóyá ibi tí ìjọba fọwọ́ sí ni ó ń lọ.

Ní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Àṣẹ 009 láti fòpin sí yíyàgbẹ́ sí gbangba. Ìgbẹ́ tí ọkọ̀ gbé lọ sí etí odò kò sàn ju èyí tí ènìyàn yà síbẹ̀. Nínú omi yẹn ni àwọn aládùúgbò wa, Ìṣẹ̀kírì, Ùròbò àti Ìjọ, ti ń pẹja. Àwa náà ń jẹ nínú ẹja náà.

Fún ìjíròrò: ta ni ẹgbẹ́ yín yóò yàn láti máa mọ ibi tí ọkọ̀ ń da ìgbẹ́ wa sí?