Ata Ilẹ̀ Pupa Tí Ewé Rẹ̀ Gbẹ

"Mo gbin ata ilẹ̀ pupa sẹ́yìnkùlé lóṣù kẹrin. Ó yọ òdòdó, kò so. Ọyẹ́ wá dé báyìí, gbogbo ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó ń wó lulẹ̀. Ṣé kí n máa bomi rin ín ni, àbí ó ti kú?" Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta.

Kí òǹkàwé yìí gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀ ná. Oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ata ilẹ̀ pupa ń lò nínú ilẹ̀. Ìgbà tí ewé bá gbẹ ni tìsàlẹ̀ gbó. Bó bá ń rọ omi lé e lórí lásìkò yìí, ó lè jẹrà.

Ti èso tí kò so yẹn, kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín. Ata ilẹ̀ pupa kì í ní irúgbìn tó ń hù. Ebu ni wọ́n fi ń gbìn ín, títí dé Erode ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ìlú tí òwò rẹ̀ sọ di olókìkí. Atare tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló ń so ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ kò mọ̀ pé ìdílé kan náà lòun àti ata ilẹ̀ wà.

Bó bá fẹ́ wú u, ẹ̀gbẹ́ ebè ni kó ti fi ọkọ́ wọlé, kó má baà ṣá a. Yóò bá ìyá láàárín, ó ki, ó rí roboto. Àwọn ọmọ á sì yọ lára rẹ̀ bí ìka ọwọ́. Kó yan èyí tó le, tó ní ojú méjì tàbí mẹ́ta, fún ebu, kó sì kó o síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn kò dé. Èyí tó bá rọ̀ tàbí tó ń rùn, kó jù ú nù. Lọ́dún 2023, àrùn run ọ̀pọ̀ oko ata ilẹ̀ lásán ní gúúsù Kàdúná, ebu tí kò dára sì máa ń gbé irú àrùn bẹ́ẹ̀ kiri.

Bí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, kó gbin àwọn ebu náà sórí ebè, kí wọ́n wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kí ọ̀kan sì jìnnà sí èkejì tó 30. Kó fi koríko gbígbẹ bò ó. Omi tó bá dúró sídìí rẹ̀ ló burú jù.

Ìyókù di ti ìkòkò. Kó bọ̀ ọ́ títí igi ìtayín yóò fi wọlé, kó gé e, kó sá a títí yóò fi máa dún bó bá ṣẹ́ ẹ. Aṣọ funfun ni kó má wọ̀ lọ́jọ́ náà o.

Àwọn tó ń polówó ata ilẹ̀ pupa nínú ọkọ̀ pé ó ń wo gbogbo àrùn ń sọ àsọdùn. Curcumin, èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n gbójú lé, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Piperine, tó wà nínú iyere, ló ń ràn án lọ́wọ́. Ìwọ̀nba tó ń wọnú ọbẹ̀ kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tó ní òkúta nínú àpò òróòro, ní láti bi dókítà kó tó máa mu àgbo rẹ̀ lójoojúmọ́.